Ọnọ́rébù Afọ́kóló àti Àpò Gàrí Kẹwàá

Ẹni tó bá ń wá ọlọ́gbọ́n lọ sókè òkun, ẹ bá mi sọ fún un kó padà sílé. Ìlẹmọ̀-Èkìtì ni ọlọ́gbọ́n wà, béèyàn bá kọjá Ìtàjí tó forí lé ọ̀nà Ìkọ̀lé. Olúfẹ́mi Ẹlúyẹmí lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo kọ́ yín ní àìmọ̀wàáhù. Orúkọ rẹ̀ tó pé, bó ṣe wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, lára mọ́tò rẹ̀ àti lára ife tó fi ń mu tíì, ni Ọnọ́rébù Olóyè Olúfẹ́mi Ẹlúyẹmí, Alága Pátápátá fún Ìgbìmọ̀ Ìgbógun-ti-Owó-Inú-Ilé.

Ẹ lè bi mí pé báwo ló ṣe dé irú ipò ńlá bẹ́ẹ̀. Ó ti díje fún kánsílọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì yẹn, àwọn tó wà nílé rẹ̀ pọ̀ ju ìbò tó rí lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wá ní kò dáa kí wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n wá ipò tí kò ní agbára nínú, tí kò ní owó nínú, tí kò sì lè ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n rò pé àwọn ti rí i. Báyìí ni àwọn àgbà náà ṣe máa ń ṣìṣe.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni kó rí i pé ẹnikẹ́ni ní Ìlẹmọ̀ kò tọ́jú owó sílé mọ́. Ẹ̀yin ẹ má tíì bá àwa ará Ìlẹmọ̀ wí o. Lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí a ní owó ní báǹkì tí a ò rí i ná, tí a ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn onípíọ́ọ̀sì, ojú wa rí màbo. Láti ìgbà náà la ti gba ara wa nímọ̀ràn. Olówó ní kóló, tálákà ní kóló. Àìsàn kì í dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni òkú kì í ní kí wọ́n sin òun nígbà tí báǹkì bá ṣí.

Ẹni tó mọ èyí ju gbogbo wa lọ ni Wòsílátù, opó tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà odò. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kojú sí agbada àti èéfín. Nígbà tó yá, ẹyinjú òsì rẹ̀ funfun bàláú, ọ̀tún náà sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ojú ní Ìdó sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni, pé ojú ọ̀tún ṣì ṣeé gbà là, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí ọdún yí lé e. Láti ìgbà tí ojú òsì ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ni Wòsílátù ti ń kó owó ìtọ́jú ojú jọ sínú àpótí pákó kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kó pé ni Ọlọ́run gbé Ọnọ́rébù dìde fún ìtẹ̀síwájú ìlú.

Ọnọ́rébù pe gbogbo ìlú jọ sí gbọ̀ngán. Ó wọ agbádá funfun tó fẹ̀ débi pé èèyàn méjì ló ń bá a gbé etí rẹ̀. Ìyanuolúwa, akọ̀wé rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ṣáájú èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Ọnọ́rébù sín lọ́jọ́ náà, Ìyanuolúwa ló ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, gbogbo Èkìtì ni òtútù mú."

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Ọnọ́rébù bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn ju oorun mi lọ! Kí ni owó? Owó ni ẹ̀mí ìlú! Ta ni a sì máa ń kàn mọ́nú àpótí? Ṣebí òkú ni! Nítorí náà, owó tó wà nínú kóló, òkú owó ni. Ẹni tó wá tọ́jú òkú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń sùn lé e lórí, kí là ń pè é?"

"Apààyàn ni, sà!" Ìyanuolúwa ké.

Ọ̀rọ̀ Ọnọ́rébù kò tíì fẹ́ dé ibẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó dùn létí rẹ̀, ó sì mi orí sí i. Ó wá ṣòfin lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá kóló nílé rẹ̀, kò ní rí ajílẹ̀ ìjọba gbà. Káfíńtà tó bá tún lu ojú sí àpótí, wọn yóò gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó bá so owó mọ́ etí aṣọ lọ sóko, ó ti di ọ̀tá ìdàgbàsókè. Ó sì kọ́ ìlú ní orin kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi dá a lóhùn. Bó bá bèèrè pé, "Owó dà?", kí wọ́n ké pé, "Ó ń bẹ ní báǹkì!" Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ké e lọ́jọ́ náà, nítorí pé ohùn àwọn àgbàlagbà kò ròkè tó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn èèyàn gbé kóló wọn wá kí wọ́n má baà pàdánù ajílẹ̀. Ọnọ́rébù ní òun fúnra òun ni yóò fọ́ wọn. Wọ́n ra òòlù tuntun fún un, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún bíi wúrà. Òòlù àkọ́kọ́ bà á ní àtàǹpàkò. Ó pariwo bí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n Ìyanuolúwa gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ akọni ti ta sílẹ̀ fún ìlú!" Ẹ̀jẹ̀ kankan kò ta sílẹ̀, èékánná lásán ló dúdú. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló bá a fọ́ èyí tó kù.

Àwọn obìnrin Ìlẹmọ̀ ní àṣà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọn kì í fi owó sílẹ̀ nínú kóló ní ìhòòhò. Bí kóló bá kún, wọn á ṣí ìdí rẹ̀, kálukú á ya etí aṣọ ara rẹ̀, á fi di owó náà, á ta kókó rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, á wá dá a padà sínú àpótí. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ kóló, ìdì owó ń yí jáde, aláǹkárá, aláàdìrẹ, oníléèsì àtijọ́. Ẹnìkan fẹ́ máa tú wọn láti kà wọ́n.

"Ẹ má tú u!" Ọnọ́rébù kígbe. "Báǹkì ni yóò tú u. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọwọ́ oko kan owó tó ti di ọmọ báǹkì ni?"

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò bó ṣe rí, wọ́n sì fún kálukú ní káàdì kékeré kan. Àwòrán Ọnọ́rébù ló wà níwájú káàdì náà, àwòrán Ọnọ́rébù mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tó kan Wòsílátù, ó fọwọ́ pa àpótí rẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀. Ó bèèrè pé, "Ọnọ́rébù, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ẹ́ gba eó mi ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú kan, Màmá! Ẹ ó kàn tẹ fóònù yín, owó á jáde."

"Fóònù tèmi," ni Wòsílátù wí, "iná nìkan ló ní."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọnọ́rébù náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtara Ọnọ́rébù wá pọ̀ débi pé ó bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ojú rẹ̀ bá àpótí ọrẹ lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí wọ́n lu ojú sí lórí. Ó dúró bí ẹni rí ejò.

"Bàbá Fíkà," ó ké sí Àlùfáà Ọládiípọ̀, "kóló rèé nínú ilé Ọlọ́run!"

Àlùfáà Ọládiípọ̀ kì í yára sọ̀rọ̀. Ó wo àpótí, ó wo Ọnọ́rébù. "Ọrẹ ni, Ọnọ́rébù. Ọlọ́run kò tíì lọ ṣí àkáǹtì."

"Ẹ bá a ṣí i! Kí ayé má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Ọnọ́rébù yóò jẹ́ Bàbá Ìkórè lọ́dún náà, yóò sì bá wọn tún òrùlé ṣe. Ní tiwọn, wọn kò ní gba owó bébà rárá lọ́jọ́ Ìkórè. Gbogbo ẹrù tí wọ́n bá lù ní gbàǹjo, tiránsífà ni wọn yóò fi ra á, bí aláàtì kò bá sì dún, ẹrù kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Àlùfáà rán an létí pé òfin kan wà láti ayé àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ tí wọn kò bá tíì san owó rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìkẹyìn, wọn á tú u, wọn á wọ̀n ọ́n fún àwọn opó ìlú, ì báà ṣe onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí.

"Òfin tó dáa!" ni Ọnọ́rébù wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ṣe é."

Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Wòsílátù kọ́kọ́ lọ bèèrè owó rẹ̀ nínú oṣù keje. Ìyanuolúwa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó padà lọ nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní àwọn ará báǹkì wà ní ìsinmi. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, nínú oṣù kọkànlá, ọwọ́ ara ògiri ló fi ń tọ́ ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ti dá ọjọ́ fún un, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ìkórè. Bó bá kùnà rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n sì ti sọ fún un pé ojú ọ̀tún kò ní dúró dìgbà náà.

"Màmá wa àtàtà," ni Ọnọ́rébù fi kí i, ó sì fẹ̀yìn ti àga. "Owó yín wà ní báǹkì, ó ń sùn, ó ń bímọ. Abiyamọ lẹ̀yin náà. Ṣé wọ́n máa ń jí ẹni tó ń bímọ ni?"

Ìyanuolúwa rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá tábìlì mú.

"Ẹni tó ń rọbí láti oṣù karùn-ún," ni Wòsílátù fèsì, "tí a ò gbọ́ igbe ọmọ, àfi ká wọ yàrá lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí."

Ẹ̀rín Ìyanuolúwa já lójijì. Ojú Ọnọ́rébù le.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìṣúná lẹ̀ ń bá ṣeré yẹn o."

Wòsílátù kò bá a lo "Ọnọ́rébù" mọ́. "Fẹ́mi, mo ju ìyá tó bí ọ lọ. Ojú mi ń lọ. Eó mi ni mo wá gbà, mi ò wá tọrọ."

Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn Ìkórè. Ó bá ara ògiri náà padà sílé, ó sì ń sunkún pẹ̀lú ojú méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n wá ṣí aṣọ lójú eégún fún yín wàyí. Owó náà kò dé báǹkì rí. Ó wà nínú yàrá Ọnọ́rébù, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, láàárín àpò gàrí kan. Gàrí gbẹ, kò ní jẹ́ kí owó bu, eku sì fẹ́ràn gàrí ju bébà lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán ẹnu àpò náà. Ó lọ́ wọ́lọ́wọ̀lọ̀, nítorí pé Ọnọ́rébù kò di abẹ́rẹ́ mú rí láyé rẹ̀.

N kì í fẹ́ ṣàánú irú wọn, ṣùgbọ́n ibi tí àánú bá tọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Tíṣà ni bàbá rẹ̀. Gbogbo owó ìfẹ̀yìntì bàbá náà wà ní báǹkì kan tó kógbá sílé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Olúfẹ́mi kékeré rí bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n tì pa, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú páásìbúùkù lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni báǹkì ti ń bà á lẹ́rù. Owó oṣù tirẹ̀ gan-an, kì í sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé owó kóló dé ẹnu ọ̀nà báǹkì ní Ìkọ̀lé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Àánú mi dúró síbẹ̀ yẹn o. Torí nígbà tó yá, ó gbọ́ pé wọ́n ń wá Aṣojú Ìfowópamọ́ fún gbogbo Èkìtì, pé irú ipò bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn pín owó tó wà nínú gàrí náà, ti ẹni yìí, ti ẹni tọ̀hún. Ìdì Wòsílátù wà lára èyí tó fẹ́ fi dúpẹ́.

Ìgbéraga ló tú u fó. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ìkórè, nígbà tí oníkálukú ń dárúkọ ohun tó máa mú wá, àgbẹ̀ kan dìde, ó ní òun yóò mú àpò gàrí márùn-ún wá. Ọnọ́rébù kò lè mú un mọ́ra. Ó fò sókè.

"Mẹ́wàá!" ni Bàbá Ìkórè wí.

Gbogbo ìjọ hó yèè. Kò wo inú ilé àkójọ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó lọ sí Adó lọ bá àwọn tó ń pín ipò, ìyàwó rẹ̀, Morìnsọ́lá, sì ṣí ilé àkójọ láti kó gàrí náà ránṣẹ́. Mẹ́sàn-án ló bá níbẹ̀. Obìnrin rere ni Morìnsọ́lá, kò sì sí ohun tó ń fẹ́ ju pé kí ojú má ti ọkọ òun lọ. Ó wá gbogbo ilé. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló ti rí àpò kan, tí ẹnu rẹ̀ wọ́.

"Ẹ wo ọkọ mi," ló sọ fún ara rẹ̀, "ó ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún Olúwa."

Ó fi rìbọ́ọ̀nù pupa dì í lọ́rùn, ó sì gbé e lé iwájú mẹ́sàn-án yòókù.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ọnọ́rébù jókòó lórí àga gíga tí wọ́n fi ẹní pupa tẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Arábìnrin Adérìnsọ́lá, aṣojú ìjọba tó ti Adó wá, pẹ̀lú àwo ẹ̀yẹ tí wọ́n ti kọ orúkọ Ọnọ́rébù sí. Ó kù kí wọ́n parí gbàǹjo, kí wọ́n gbé e fún un, kó sì di Aṣojú Ìfowópamọ́. Ìyanuolúwa ló ń lu gbàǹjo, nítorí pé ohùn rẹ̀ ló le jù ní ìlú.

Wọ́n lu ewúrẹ́, wọ́n lu iṣu, wọ́n lu àpò gàrí mẹ́sàn-án. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dáhùn, aláàtì ń dún tìín, tìín, Ọnọ́rébù sì ń mi orí. Ìyanuolúwa wá gbé àpò onírìbọ́ọ̀nù síwájú. Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín sí i. Ojú rẹ̀ wá rìn dé ẹnu àpò, ibi tí wọ́n rán ní wọ́lọ́wọ̀lọ̀. Ẹ̀rín náà kú sí ẹnu rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n!" ló kígbe kí ẹnikẹ́ni tó dá iye kan.

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Ìyanuolúwa pariwo. "Ọnọ́rébù ń ra gàrí ara rẹ̀! Ṣé ẹ óò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ ni? Gàrí tí ọwọ́ ńlá ti kàn!"

Ó di ìjà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní àádọ́ta. Ẹni tó ń wá ajílẹ̀ ní ọgọ́rin. Ìyanuolúwa fúnra rẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún lé e, kí ọ̀gá rẹ̀ lè mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń pọ́n Ọnọ́rébù lé, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń bò ó.

"Mílíọ̀nù kan!" ni Ọnọ́rébù ké.

Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Àwọn akọrin dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Arábìnrin Adérìnsọ́lá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní irú ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́.

Ọnọ́rébù fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan róbótó kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí, kò dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó jáde sí gbangba, ó gbé fóònù sókè. Ó gun orí pèpéle tánkì omi ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agbádá, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ìsinmi sì ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àdúrà ìkẹyìn ti fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Fíkà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ máa gbé e lọ. Aláàtì á dún tó bá yá."

"Bí aláàtì kò bá dún, ẹrù kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀," ni Àlùfáà Ọládiípọ̀ kà jáde nínú ìwé. "Ọnọ́rébù Ẹlúyẹmí ló ṣe é."

"Kí n sáré lọ mú owó wá nílé!"

Àlùfáà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Owó wo nílé, Ọnọ́rébù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!" ni Ọnọ́rébù wí. "Ilé báǹkì ni mò ń wí!"

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Àwọn opó tò síwájú pẹ̀lú igbá. Ọnọ́rébù sá lọ jókòó lé àpò náà lórí. Ìyanuolúwa bá ké pé, "Ó ń súre fún un!" Obìnrin méjì kúnlẹ̀ láti gba ìre náà.

"Ẹ dìde, Ọnọ́rébù," ni Àlùfáà wí jẹ́jẹ́, ó sì fà á lọ́wọ́ dìde.

Wòsílátù ló dàgbà jù láàárín wọn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya ẹnu àpò. Ó ti kóńgò bọ gàrí, kóńgò náà sì kọlu nǹkan. Ó ki ọwọ́ sí i láti mọ ohun tó jẹ́. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀. Gbogbo wa rí i tí ìka rẹ̀ ń yí nínú gàrí, tó ń fọwọ́ ba nǹkan kan, tó tún ń ba á. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò fọ́jú.

"Kókó ìyá mi rèé," ló wí wẹ́rẹ́. Ó fa ìdì náà jáde, gàrí ń dà lára rẹ̀. Ó wá kígbe, "Eó mi rèé! Ẹ̀yin ará ulé mi, eó ojú mi rèé!"

Mi ò lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn tán. Àwọn obìnrin da àpò náà délẹ̀. Aláàdìrẹ rí àdìrẹ rẹ̀, oníléèsì rí léèsì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mú tẹlòmíràn. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gàrí kún inú irun wọn.

Ọnọ́rébù gun pẹpẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ yìn ín, ọ̀rọ̀ kò wọ́n ọn títí dópin.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ má ṣì í rò! Ohun tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀ka báǹkì ni! Ẹ̀ka tuntun! Mo gbé báǹkì sún mọ́ ìlú!"

Ìyanuolúwa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ̀ka báǹkì," ni Arábìnrin Adérìnsọ́lá tún un sọ, "nínú gàrí?" Ó yí ẹ̀yìn àwo ẹ̀yẹ náà sókè, ó fi há abíyá. Ó pe awakọ̀ Ọnọ́rébù, ó ní kó gbé mọ́tò ìjọba lọ sí Ìkọ̀lé lójú ẹsẹ̀, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ náà kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó tó ṣáná sí i. Morìnsọ́lá ti bá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé, ó fi ìborùn bo ojú. Òun nìkan ni ojú tì.

Nígbà tí Ọnọ́rébù jáde, àwọn ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ariwo wọn kò sì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè. Ọkadà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu géètì.

"Gbé mi dé Ìtàjí, kíákíá!"

"Ẹgbẹ̀rin náírà, owó ọwọ́," ni ọlọ́kadà wí.

"Mo máa fi ránṣẹ́ sí ọ."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, Bàbá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gun tánkì lẹ́ẹ̀kan."

Ọnọ́rébù ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò agbádá rẹ̀. Káàdì ló wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ níwájú, àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wo àwọn tó kọ́ ní orin. Kálukú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ariwo àwọn ọ̀dọ́ ń sún mọ́ tòsí.

Wòsílátù ló jáde sí i. Ó ti ń tú ìdì rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó fi ìka mú owó bébà kan, ó nà án sí ibi tó ti gbọ́ ohùn ọkùnrin náà.

"Ẹgbẹ̀rún kan rèé. Gùn ún, kí ọn má lù ọ́ pa. Lọ́la ni mò ń lọ Ìdó, mo sì fẹ́ rí ọ dáadáa lọ́jọ́ kan."

Ọnọ́rébù gbà á. Ó gun ẹ̀yìn ọkadà, ó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sì nu ojú rẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó gùn.

"Ṣẹ́ńjì mi," ni Wòsílátù wí.

Ọlọ́kadà ka igba náírà fún Ọnọ́rébù. Ọnọ́rébù wo igba náírà náà, ó wo ọwọ́ arúgbó náà tó là sílẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí owó mìíràn tí ará Ìlẹmọ̀ kan lè jẹ́rìí sí pé Ẹlúyẹmí fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá padà fún ẹni tó ni ín.